Fún Rónkẹ́, Lórí Ọ̀rọ̀ Bàbá Kékeré àti Pẹ́ńṣàn Bàbá Rẹ

Rónkẹ́ mi, Àṣàbí ọmọ bàbá rẹ̀,

Ara mi le, ara Báyọ̀ àbúrò rẹ náà le. Ìyẹn ni mo fi ṣíwájú, torí mo mọ̀ pé tí o bá rí bí lẹ́tà yìí ṣe nípọn tó, àyà rẹ á já, wàá ní ta ló kú. Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ nínú mi, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún ní gbogbo Okokomáíkò tí kò ní fi mí rẹ́rìn-ín.

Má bínú pé èsì pẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ ni lẹ́tà tìrẹ bá wọlé, ọyẹ́ sì ti ń fẹ́ báyìí. Gbogbo ìgbà tí mo ń ránṣẹ́ sí ọ pé mo ti rí i, pé mò ń bọ̀ wá kọ̀wé, irọ́ kọ́ ni mò ń pa. Mo ní kí n rí òpin ọ̀rọ̀ náà ná. Mo ti rí òpin rẹ̀ báyìí, kò sì tíì yé mi.

Lẹ́tà rẹ ò gùn rárá. O kí mi. O ní iṣẹ́ tuntun dára, o ní Àkúrẹ́ tutù ju Èkó lọ, o ní ọ̀gá yín kì í pariwo, o ní ìwé àwọn tó ń gba pẹ́ńṣàn ni wọ́n kó lé ọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà lo wá bi mí léèrè, bí ẹni ń béèrè ohun tí mo sè lánàá, pé: “Màámi, mo ka òfin tó wà lórí owó àwọn opó. Tí opó bá fẹ́ ọkọ mìíràn, ó gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba, kí wọ́n dá owó náà dúró. Ṣé lóòótọ́ ni Bàbá kékeré ṣú yín lópó? Ṣé ẹ sọ fún wọn?” O fọwọ́ síwèé, ó parí.

Ìdí àwọn páálí mi ní Àlàbá ni mo dúró sí nígbà tí mo kà á. Mo tún un kà. Ọmọ Íbò kan tó fẹ́ ra páálí tẹlifíṣọ̀n dúró dè mí títí, ó ní, “Mama Carton, wetin happen?” Mo ní kò sí nǹkan kan.  Rónkẹ́, o mọ ohun tí owó yẹn jẹ́ nílé yìí. Páálí kì í tà lójò, òjò sì máa ń pẹ́ ní Èkó. Owó bàbá rẹ yẹn ló ń san ilé, òun ló rán ọ níwèé débi tí o wà yìí, òun náà ni Báyọ̀ ń wò láti parí pólì rẹ̀. Bí wọ́n bá dá a dúró, Báyọ̀ á padà wá bá mi ru páálí ni. Ohun tí ìbéèrè rẹ gbé dání nìyẹn.

Mi ò bínú o. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n sì ki ìmọ̀ràn bọ̀ ọ́ níbi tí mo bá ti rí àyè, torí iṣẹ́ tí o ń ṣe yìí, irú mi ló máa ń wá dúró níwájú tábìlì.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ni èyí tó rọrùn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé bàbá rẹ, Múṣín là ń gbé. Nígbà tó yá, a kó wá sí Ọ̀jọ́ torí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò ránṣẹ́ sí ìyá mi. Mo ní kí ni mò ń kánjú sí, tí mo bá lọ sílé lọ́dún, màá sọ. Àfi bí ìyá mi ṣe ru gààrí àti epo dé Múṣín. Wọ́n ní a ti kó lọ, wọn ò mọ ibi tí a kó lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé tí kì í ṣe tiwa títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ́ ṣú, ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin oníbúrẹ́dì kan tó ní kó wá sun ọ̀dọ̀ òun. Nígbà tó padà délé, ó sọ fún gbogbo ẹbí pé ọmọ òun ti sọ òun nù. Ó pẹ́ gan-an kó tó gba ìkíni mi. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá yí padà nínú ayé rẹ, sọ ọ́ nígbà tó ṣì kéré. Bó o bá kó ilé, sọ. Bó o bá yí orúkọ padà, sọ. Má jẹ́ kí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ará ilé ẹlòmíràn.

Ìyẹn yé mi dáadáa. Ibi tó ti dàrú mọ́ mi lójú ni ibi tí èèyàn ò ti mọ̀ bóyá nǹkan ti yí padà àbí kò tíì yí padà.

O mọ bàbá rẹ díẹ̀. Báyọ̀ ò mọ̀ ọ́n rárá. Iṣẹ́ ọ̀nà ló ń ṣe lọ́dọ̀ ìjọba, ẹnu iṣẹ́ náà ló sì kú sí, níbi tí katakata ti gbá a. Ìjọba ní nítorí pé ẹnu iṣẹ́ àwọn ni, àwọn á máa san pẹ́ńṣàn rẹ̀ fún mi lóṣooṣù, níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá tíì fẹ́ ọkọ mìíràn. Mo tẹ́wọ́ gbà á. Ta ló ń ro ọ̀rọ̀ ọkọ lọ́jọ́ yẹn?

Nígbà tí mo bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ẹbí bàbá rẹ pè mí sí Ìfọ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní. Àwọn ọkùnrin ilé kó fìlà wọn sórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé tiwọn nìyẹn: opó á mú fìlà kan, ẹni tó ni fìlà ló ṣú u lópó. Tó bá kọ̀ tí kò mú ọ̀kankan, ó ti kọ ilé nìyẹn, kó máa kó ẹrù rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì di ọmọ ẹni tó kọ ilé. Ìwọ ò tíì ju kí n gbé ọ pọ̀n lọ, Báyọ̀ wà nínú mi. Mo wo àwọn fìlà náà. Ọ̀kan jẹ́ ti bàbá kan tó ti níyàwó mẹ́ta, aáṣáà ń rùn lára ẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹnì kan tí gbogbo Ìfọ̀ mọ̀ pé kì í sùn sílé. Mo mú ti Akọ̀wé. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní mo gbọ́n, mo mú ọmọlúàbí. Kí n má parọ́ fún ọ, mo mú un torí pé fìlà rẹ̀ mọ́ ni.

Akọ̀wé yìí ni ìwọ ń pè ní Bàbá kékeré. Èmi ò lè pe orúkọ rẹ̀, ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Nígbà tí mo délé wọn bí ìyàwó, ó ń parí iléèwé girama lọ́wọ́, ìwé kì í kúrò lábíyá rẹ̀, ni mo bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Ó ti di bíríkìlà báyìí, simẹ́ńtì kì í kúrò léèékánná rẹ̀, Akọ̀wé náà ni mo ṣì ń pè é. Èmi ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ torí ó ti wà nílé kí n tó dé, òun náà ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀ torí mo jù ú lọ. Nínú lẹ́tà yìí, “ó” ni màá máa wí. Kò sí níbí, ọwọ́ sì ti ń ro mí.

Lójọ́ tí mo mú fìlà yẹn, ó wá bá mi lẹ́yìnkùlé nírọ̀lẹ́. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ní, “Ìyàwó mi, ẹ má fòyà. Èmi ní ìyàwó tèmi. Ẹ̀yin náà ní ọkọ, kó kàn jẹ́ pé ó ti kú ni. Ẹ máa gbé Èkó yín, màá máa wá wo àwọn ọmọ.” Bó ṣe wí náà ló ṣe. Kò fọwọ́ kàn mí rí. Iṣu ló ń gbé wá tí iṣu bá ta. Tó bá dé, orí ẹní lọ́dọ̀ Báyọ̀ ló ń sùn. Òun ló lọ dúró bíi bàbá nígbà tí iléèwé rẹ ní kí bàbá rẹ wá. Òun ló lọ fa Báyọ̀ létí wá sílé láti ọjà ẹran ní Àlàbá Rago, lọ́jọ́ tó sá kúrò ní kíláàsì lọ ń wo àgbò tó ń kan ara wọn. Tí àlejò bá bá a nílé, á ní, “Ìyàwó mi rèé.” Inú mi máa ń dùn tó bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò mọ ìdí. Ẹni tí wọ́n bá ń pè níyàwó, ó níbi tó ti ń bọ̀.

Nítorí náà, Rónkẹ́, ṣé mo lọ́kọ àbí mi ò lọ́kọ? Ìbéèrè rẹ nìyẹn. Mo rò ó títí orí fi fọ́ mi. Mo gbàdúrà lé e ní ṣọ́ọ̀ṣì, wòlíì ní òun rí omi. Mo ní omi wo? Ó ní omi ṣáà ni. Mo rí i pé òun náà ò mọ̀ ọ́n.

Mo bá wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì pẹ́ńṣàn. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló tò sórí bẹ́ǹṣì lọ rẹrẹ, kálukú ló ní ohun tó yí padà tó fẹ́ wá sọ. Bàbá kan ní òun ti kó lọ bá ọmọ òun ní ẹ̀sítéètì Ìbà, òun wá sọ àdírẹ́sì tuntun, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èkejì tó jókòó tì í ní kó dákẹ́ jẹ́ẹ́, pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́. Bí mo bá wo ti èyí, màá fẹ́ dìde wọlé. Bí mo bá wo ti ìyẹn, màá fẹ́ dìde lọ sílé. Kí n tó pinnu, wọ́n ti pe orúkọ mi.

Ọmọbìnrin kan tó tó ẹgbẹ́ rẹ ló wà nídìí tábìlì. Ó ní, “Ìyá, ṣé ẹ ti fẹ́ ọkọ mìíràn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. Mo ní, “Rárá o.” Ó dúró. Ó ní, “Ìyá, ẹ mú ọ̀kan.” Mo ní, “Ọmọ mi, tó bá ṣeé mú, mi ò bá ti mú un nílé.” Orí ìnàró ni mo wà ní gbogbo àkókò yìí, kò ní kí n jókòó.

Gbọ́ ìmọ̀ràn yìí dáadáa, torí ó kan iṣẹ́ rẹ: má bi èèyàn ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ nípa ilé rẹ̀. Fún un ní àga. Ní kó sọ bó ṣe ń gbé. Nígbà tó bá sọ ọ́ tán, ìwọ tí o kàwé ni kí o wá ibi tó bọ́ sí nínú òfin. Má ní kí òun bá ọ wá a.

Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tó wọ jígí, ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ tẹnu mi. Ó bi mí bóyá a jọ ń gbé. Mo ní Ìfọ̀ ló ń gbé. Ó bi mí bóyá ó máa ń wá. Mo ní ó máa ń wá. Ta ló ń se oúnjẹ fún un tó bá wá? Mo ní èmi ni, ta ni ìbá tún sè é. Ṣé ó ń fún mi lówó oúnjẹ? Mo ní iṣu ló ń gbé wá. Ó kọ iṣu sílẹ̀. Ó wo iṣu tó kọ títí, ó ní, “Ìyá, òfin ò sọ nǹkan kan nípa iṣu.” Ó ní tí mo bá fẹ́ bá ọkùnrin mìíràn lọ lónìí ńkọ́? Mo ní áà, kò ṣeé ṣe, wọ́n á ní mo fi ọkọ sílẹ̀. Ó ní, “Ọkọ wo?” Mo ní ọkọ tí mi ò ní yẹn. Ó bọ́ jígí rẹ̀, ó nu ojú rẹ̀. Ó ní kí n mú ọkùnrin náà wá, pé ẹnu rẹ̀ ni yóò parí ọ̀rọ̀.

Inú mi dùn, àṣé mi ò mọ ohun tí mò ń dùn sí. Mo ní Akọ̀wé á sọ pé kò sí nǹkan kan láàárín wa, ọ̀rọ̀ á tán. Mi ò tilẹ̀ kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ, mo ní òótọ́ kò nílò ìkọ́ni. Akọ̀wé dé láti Ìfọ̀ pẹ̀lú agbádá tó fi ṣe ìgbéyàwó tirẹ̀. Ọ̀gá náà kí i, ó fún un ní àga, ó nawọ́ sí mi, ó ní, “Bàbá, ṣé ìyàwó yín nìyí?” Akọ̀wé dìde kúrò lórí àga. Ó ní, “Ìyàwó mi ni. Ta ló ní kì í ṣe ìyàwó mi?”

Ọ̀gá wò mí.  Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òun ti so, owó náà á dúró láti oṣù tó ń bọ̀.

A dé ẹ̀yìn géètì. Mo ní, “Akọ̀wé, kí lẹ ṣe yìí?” Ó ní, “Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Kí n dúró níwájú àwọn tí mi ò mọ̀, kí n ní mi ò mọ̀ yín? Kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ níbi tó wà?” Mo ní owó ńkọ́? Ó ní òun ò gbọ́ ti owó, òun rò pé wọ́n fẹ́ fi ẹ̀sùn kàn mí pé mi ò nílé ni. Ó rò pé òun ń gbà mí sílẹ̀ ni, Rónkẹ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan tòun ti agbádá, ó gbá orí mú. Mi ò lè bínú sí i. Mo fẹ́ bínú, kò wá.

Ibi tó ti wá le ni pé, lẹ́yìn ìgbà tó ti fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ tán níwájú ìjọba, ó ní òun gbọ́dọ̀ ṣe é. Ó fi Ìfọ̀ sílẹ̀, ó wá ń mọlé káàkiri Ìbà, ó ní bí òun bá ní òun ni ọkọ, òun á bọ́ ilé. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á na owó sí mi láìwo ojú mi. Mò ń gbà á torí Báyọ̀. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń gbà á. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí kọrin mọ́ mi lẹ́nu omi. Ìyàwó rẹ̀ tí kò bá mi jà rí ránṣẹ́ láti Ìfọ̀ pé, “Ìyáálé mi, ẹ bá mi bi ọkọ wa pé ṣé kò mọ̀nà ilé mọ́ ni?” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò jẹun lọ́jọ́ yẹn.

O wá kọ ọ́ sí mi nígbà kan pé kí ló dé tí mi ò béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́, tó ń ra ibùsùn àti ìkòkò, kí n wá di ẹrù lé e lórí? Jẹ́ kí n ṣe ìyá rẹ díẹ̀ sí i ná.

Èmi ni mo sọ ọ́. Mo ní, “Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́ mi, kí n má jẹ́ ìyàwó yín mọ́.”  Ó ń fi èékánná ha simẹ́ńtì kúrò lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó ní òun ò lè lọ sọ ní ọ́fíìsì pé èmi kì í ṣe ìyàwó òun nígbà tí mo jẹ́ ẹ, pé irọ́ nìyẹn. Ó ní bí òun bá máa sọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ òótọ́ nílé.

A lọ sí Ìfọ̀. Ó pe àwọn àgbà jọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun jọ̀wọ́ mi. Wọ́n ní kí ni mo ṣe? Ó ní mi ò ṣe nǹkan kan. Ṣé mo bá ẹlòmíràn lọ ni? Ó ní rárá. Kí ló wá dé? Ó ní, “Ìjọba ni.” Bàbá àgbà ilé yẹn tó ti dití díẹ̀ ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Bàbá wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Ìjọba wo ló ń kọ ìyàwó fún èèyàn?”  Àwọn àgbà gbà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló fajú ro. Wọ́n ní ìwọ àti Báyọ̀, ọmọ ilé ni yín títí ayé. Wọ́n ní ní tèmi, kí n máa wá kí wọn. Rónkẹ́, láti ìgbà tí mo ti wà nínú ilé yẹn, kò sẹ́ni tó tíì sọ fún mi rí pé kí n máa wá kí òun. Àlejò ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

Lẹ́yìn ìyẹn la padà sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá náà tún béèrè ohun tó béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Akọ̀wé ò dìde. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Kì í ṣe tèmi.” Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ní nígbà tí a ò ti gbé pọ̀ rí, tí a ò sì bímọ, àwọn ò ní bi wá léèrè àtẹ̀yìnwá, owó á bẹ̀rẹ̀ sí wọlé padà. Báyọ̀ á parí pólì rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wọkọ̀ lọ wọkọ̀ bọ̀ nìyẹn. Ni mo bá bú sẹ́kún níbẹ̀, ẹkún tí mi ò sun lọ́jọ́ tí wọ́n gbé bàbá rẹ wálé. Ọ̀gá náà ní, “Ìyá, a ti dá owó yín padà, kí lẹ wá ń sunkún sí?”  Mi ò fẹ́ ọkùnrin yìí rí. Oorun ò torí rẹ̀ dá lójú mi rí. Ó kàn jẹ́ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, mi ò tíì di opó tán, àfi lọ́jọ́ yẹn.

Bí o bá rí irú mi níwájú tábìlì rẹ, tó ń sunkún lórí ohun tó yẹ kó máa yọ̀ sí, má bi í ní ohun tó ń ṣe é. Dúró ti iṣẹ́ rẹ, kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, má fi tìrẹ kún un. Ìwọ náà, kí o tó wọ ilé ọkọ kankan, béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn tí nǹkan bá dé, béèrè rẹ̀ nígbà tí gbogbo wọn ṣì ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò béèrè. Mo mọ̀ pé ọmọ Oǹdó yẹn ti ń wá kí ọ, má rò pé mi ò gbọ́. Mi ò ní kí o má ṣe é o.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun gan-an ni mo fi ń kọ̀wé. Akọ̀wé sìn mí dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, mo ní kó wọlé wá jẹun. Kò wọlé. Ó dúró níta níbi tí àlejò máa ń dúró sí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó pè mí ní Ìyá Rónkẹ́. Ó ní, “Ìyá Rónkẹ́, mo ní kí n bi yín ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Rónkẹ́, tí alága ìjókòó bá ní kí bàbá ìyàwó dìde, ṣé kí n dìde?”

  Mo ní màá bi ọ́, Rónkẹ́.

Kọ̀wé sí i kí o tó kọ sí mi. Ó lè ka Yorùbá dáadáa, má kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Èmi ni,
ìyá rẹ, ní Okokomáíkò.